Kí A Tó Ṣírò Ìfàle Ojú Epo, Dẹ́ńsítì Ni Ká Kọ́kọ́ Wò

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá: ẹni tó bá fẹ́ ṣírò ìfàle ojú àdàlù haidirokábọ̀nù (èròjà tí kábọ̀nù àti haidirojìnì para pọ̀ di, irú èyí tó wà nínú epo àti gáàsì), dẹ́ńsítì ni kó kọ́kọ́ tọ́jú, ìyẹn ìwúwo ohun tó wà nínú àyè kan.

Mólékù tó wà nínú olómi ní ẹlẹgbẹ́ tó ń fà á níhà gbogbo. Èyí tó wà lójú kò rí ẹni fà á lókè, inú ni wọ́n ń fà á sí, ojú olómi á sì le; líle yìí là ń pè ní ìfàle ojú. Ní 20°C, ìfàle ojú omi jẹ́ nǹkan bíi 72.8 mN/m (mílínútónì lórí mítà kan). Ti hexane, haidirokábọ̀nù oní-kábọ̀nù mẹ́fà, jẹ́ 18.4, ti decane, oní-kábọ̀nù mẹ́wàá, 23.8. Bí ẹ̀wọ̀n kábọ̀nù ṣe ń gùn sí i ni ìfàle ń pọ̀ sí i.

Lọ́dún 1923, Macleod ṣàkíyèsí pé gbòǹgbò kẹrin ìfàle (nọ́ńbà tó jẹ́ pé bí a bá kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, tí a sọ wọ́n di púpọ̀ mọ́ra wọn, ìfàle ló máa jáde) máa ń bá ìyàtọ̀ dẹ́ńsítì olómi àti ti gáàsì orí rẹ̀ rìn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Sugden pe nọ́ńbà tó so méjèèjì pọ̀ ní parachor. Ti hexane jẹ́ 271. Ẹ fi dẹ́ńsítì rẹ̀, 0.659 g/cm³ (ti gáàsì orí rẹ̀ kéré débi pé a lè fi í sílẹ̀ níhìn-ín), sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ fi ìwúwo mólékù rẹ̀, 86.18, pín in: 2.07. Ẹ kọ nọ́ńbà yìí lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ sọ wọ́n di púpọ̀ mọ́ra wọn, 18.4 ló máa jáde. Ìṣirò yìí wù mí gan-an.

Ibẹ̀ náà ni ewu wà. Bí dẹ́ńsítì bá fi ìdá 5 nínú 100 ga ju bó ṣe yẹ lọ, ìdáhùn á di 22.4. Àṣìṣe ti lé ní ìdá 20.

Weinaug àti Katz mú ìṣirò parachor yìí dé orí àdàlù lọ́dún 1943, nígbà tí wọ́n ń wọn ìfàle àdàlù methane àti propane. Èròjà kọ̀ọ̀kan á mú parachor tirẹ̀ wá. A ó ṣírò ti olómi, a ó yọ ti gáàsì kúrò. Ẹ má kàn wá àárín ìfàle àwọn èròjà o! Èyí tó fúyẹ́ máa ń pọ̀ lójú ju bó ṣe pọ̀ nínú olómi lọ, nítorí náà ìfàle àdàlù sábà máa ń kéré sí àárín yẹn.

Níbo la ti ń rí dẹ́ńsítì? Ọ̀pọ̀ ń lo ìṣirò Peng àti Robinson ti ọdún 1976, tó so ìfúnpá, ìgbóná àti àyè tí èròjà gbà pọ̀. Ó mọ bí èròjà ṣe ń pín sínú gáàsì àti olómi dáadáa, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣì í lórí dẹ́ńsítì olómi. Àtúnṣe tí Péneloux àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde lọ́dún 1982 ni kí ẹ fi kún un kí ẹ tó fọwọ́ kan parachor. Àwọn kan máa ń yí parachor títí ìdáhùn á fi bá ti yàrá àyẹ̀wò mu. Èmi kò fara mọ́ ọn: àṣìṣe dẹ́ńsítì ṣì wà nísàlẹ̀, yóò yọjú bí ìfúnpá bá yí padà.

Ó le jù nítòsí ibi tí gáàsì àti olómi ti fẹ́ di ọ̀kan. Ìfàle ń lọ sí òdo níbẹ̀, nọ́ńbà méjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba là ń yọ kúrò lára ara wọn. Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni àwọn tó ń fi gáàsì ti epo jáde láti inú àpáta ti nílò rẹ̀ jù, torí ìfàle ló ń há epo mọ́ ihò tín-ín-rín. Fún irú ibẹ̀, èrò van der Waals ti ọdún 1893, tí Cahn àti Hilliard jí dìde lọ́dún 1958, ni mo fọwọ́ sí. Ó ń tọpa bí dẹ́ńsítì ṣe ń yí díẹ̀díẹ̀ láti inú olómi bọ́ sínú gáàsì, ibẹ̀ sì ni ìfàle ti ń jáde, láìsí parachor kankan.