Ọdún kan pẹ̀lú ìgbálẹ̀ kí n tó fọwọ́ kan igi páìnì: ọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ ọgbà àwọn ará Japan

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Àwọn tí ò ráyè wá sí ìpàdé wa lọ́sẹ̀ tó kọjá ló ní kí n kọ ọ̀rọ̀ tí mo sọ sílẹ̀, ó ti dé báyìí, bó ṣe jáde lẹ́nu mi náà ni mo kọ ọ́.

Ohun tí mo kọ́kọ́ bi wọ́n ni pé tí ẹ bá gbọ́ "gádìnì Japan," kí ló máa ń wá sí yín lọ́kàn? Àwọn kan ní afárá pupa, àwọn kan ní àtùpà olókùúta, ẹnì kan ní ẹja aláwọ̀ mèremère. Kò burú, wọ́n wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ èèyàn lè ra gbogbo ìyẹn lọ́jọ́ kan ṣoṣo kó tò wọ́n sí ẹ̀yìnkùlé, kó má sì tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí rárá. Niwashi ni wọ́n ń pe ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọgbà yẹn jẹun, abẹ́ ọ̀gá ló ti ń kọ́ ọ, ọdún gbọọrọ, bí a ṣe ń kọ́ṣẹ́ káfíńtà tàbí télọ̀ nílé. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ò ní kọ́kọ́ sún mọ́ igi. Á gbálẹ̀, á fa koríko, á kó ewé dànù, á di àkàbà mú fún ọ̀gá, ojú ẹ̀ á sì wà lára ọwọ́ ọ̀gá ní gbogbo ìgbà yẹn.

Èmi ò kọ́ ọ ní Japan, London níbí ni. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ mí lára ni Kyoto Garden tó wà nínú Holland Park, èyí tí wọ́n ṣí ní 1991, mo kàn ń kọjá lọ ni mo bá jókòó, mi ò tètè dìde mọ́. Nígbà tó yá mo rí ọ̀gá kan tó kọ́ṣẹ́ ní Kyoto, ìlú kan ní Japan, ó ní kí n máa wá bá òun ṣiṣẹ́ ní Sátidé. Fún odindi ọdún kan, ìgbálẹ̀ àti koríko ni mo rí, mo ti ń rò ó pé ọkùnrin yìí ń lò mí bí ọmọ ọ̀dọ̀ ni.

Mọ́ọ̀sì ló yí èrò mi padà. Ẹ mọ̀ ọ́n, ohun aláwọ̀ ewé tó máa ń hù lára ògiri àti lẹ́bàá kànga, tó máa ń yọ̀, tí a máa ń há dànù nílé. Ní Kyoto, tẹ́ńpìlì kan wà tó ń jẹ́ Saihoji, mọ́ọ̀sì bíi 120 oríṣi ló bo ilẹ̀ ibẹ̀, orúkọ tí àwọn èèyàn fi ń pè é náà ni Kokedera, tẹ́ńpìlì mọ́ọ̀sì. Tí koríko bá hù láàárín ẹ̀, ẹ ò lè gbé ọkọ́ sí i, ẹ máa kúnlẹ̀ ni, ẹ ó fi ọwọ́ kan tẹ mọ́ọ̀sì mọ́lẹ̀ kí ẹ tó fi èkejì fa koríko, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gbogbo ẹ̀ á ṣí wá bí ẹní. Ibi tí mo ti ń kúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ti mọ ibi tí omi ń dúró sí, igun tí oòrùn ò dé, igi tó ń wọ́wé àti ìgbà tó ń wọ́ ọ. Ẹ̀kọ́ tí ọ̀gá ń kọ́ mi nìyẹn, kò kàn fẹnu sọ ọ́ ni.

Ó wá gbé mi dé ìdí páìnì, igi tí ewé ẹ̀ rí tín-ínrín bí abẹ́rẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni iṣẹ́ igi yìí. Tí òtútù bá ti ń lọ, bí April sí May, ọ̀mùnú á yọ lórí gbogbo ẹ̀ka, wọ́n á nà ró ṣánṣán bí àbẹ́là, mẹ́ta mẹ́rin lójú kan. Nígbà tó ṣì rọ̀ lẹ máa fi ìka já a, torí tí irin bá gba àárín ewé ẹ̀ kọjá, ojú ibi tó gé á pọ́n. Èyí tó lágbára jù láàárín, ẹ yọ ọ́ kúrò, ẹ fi méjì sílẹ̀, ẹ já àwọn yẹn náà kù díẹ̀. Midori-tsumi ni wọ́n ń pè é. Ìdí ẹ̀ ni pé òkè ni agbára páìnì máa ń gùn sí, tí ẹ bá fi í sílẹ̀ orí ẹ̀ á di dùgbẹ̀, á ṣíji bo ẹ̀ka ìsàlẹ̀, wọ́n á kú, páìnì kì í sì í rúwé láti ara ẹ̀ka àtijọ́ tó ti pá, tó bá ti lọ ó lọ nìyẹn. Torí náà lókè ẹ já púpọ̀, nísàlẹ̀ ẹ já díẹ̀. Àṣìṣe tí mo ṣe gan-an nìyí, bákan náà ni mo já gbogbo ẹ̀, nígbà tó máa fi di ọdún kejì ẹ̀ka ìsàlẹ̀ kan ti rù hangogo. Ọ̀gá ò pariwo. Ó mú mi lọ́wọ́ lọ síbẹ̀, ó ní kí n wò ó.

Ní November a tún padà síbẹ̀ fún momiage, ewé àtijọ́ la máa fi ọwọ́ fà kúrò díẹ̀díẹ̀ kí oòrùn àti atẹ́gùn lè wọnú igi. Ní Kenrokuen, ọgbà ńlá kan ní ìlú Kanazawa ní Japan, oṣù yẹn náà, láti ọjọ́ kìíní, ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í na okùn láti orí òpó gíga wá sára ẹ̀ka, torí yìnyín ibẹ̀ tutù ó sì wúwo, ó lè fa ẹ̀ka ya. Páìnì tí wọ́n ń pè ní Karasaki ni wọ́n ń bá bẹ̀rẹ̀, láti inú kóró ni ọ̀kan nínú àwọn olúwa Maeda, ìdílé tó ń ṣàkóso ibẹ̀ láyé àtijọ́, ti hù ú.

Ti òkúta, mi ò tíì lè sọ púpọ̀, torí ibẹ̀ ṣì le fún mi. Àmọ́ Sakuteiki, ìwé iṣẹ́ ọgbà tí wọ́n ti kọ ní Japan láti bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, ní èèwọ̀ nínú: òkúta tó dùbúlẹ̀ níbi tí wọ́n ti gbé e wá, ẹ ò gbọdọ̀ gbé e nàró, èyí tó nàró náà, ẹ ò gbọdọ̀ dá a dùbúlẹ̀. Ó tún ní kí ẹ fi àkọ́kọ́ lélẹ̀ dáadáa, kí ìyókù máa tẹ̀ lé ohun tí ìyẹn bá ń béèrè. Inú ilẹ̀ lẹ máa ri ìdí ẹ̀ sí kó lè dà bíi pé ibẹ̀ ló ti hù. Ní Ryoanji, tẹ́ńpìlì mìíràn ní Kyoto, 15 ni òkúta tó wà lórí òkúta wẹ́wẹ́ funfun yẹn, ibi yòówù kí ẹ jókòó sí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀, ó kéré tán ọ̀kan á pamọ́ fún yín.

Màmá kan bi mí níparí pé, "Ọmọ mi, báwo lo ṣe ń mọ̀ pé ó ti tó, pé kóo má já a mọ́?" Mo ní Mà, ẹ sọ̀kalẹ̀ lórí àkàbà, ẹ lọ jókòó síbi tí onílé máa ń jókòó sí wò ó, tí ẹ bá ń rí ojú ọ̀run láàárín ẹ̀ka, tí ẹ̀ka sì ṣì ń dá yàtọ̀ síra wọn, ó ti tó. Ẹni tó bá fẹ́ wá wò ó ní November, kó wọ aṣọ tí ò ní dùn ún tí oje páìnì bá bà á jẹ́, torí kì í ṣí bọ̀rọ̀.