Ìṣẹ́jú Ta Ni À Ń Kà?

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ọmọ mi tẹ́ ẹ wá láti àwọn ilé ẹ̀kọ́ gírámà káàkiri Ilé-Ifẹ̀, ẹ kú ìjókòó.

Kí n tó dárúkọ Einstein, onímọ̀ físíìsì tó yí èrò wa nípa àkókò padà, rárá, ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ kan wò tó wà lẹ́nu wa lójoojúmọ́: ìṣẹ́jú. Ojú tí a ṣẹ́ ni. Èyí tó kéré sí i, ìṣẹ́jú àáyá, ojú tí àáyá ṣẹ́ ni. Kò sì sí ojú tí kò ní ẹni tó ni ín. Ìbéèrè tí mo gbé wá lónìí nìyẹn: ìṣẹ́jú ta ni à ń kà?

Ẹ fọkàn yàwòrán bọ́ọ̀sì gígùn kan tó ń ti Ifẹ̀ lọ sí Iléṣà. Akẹ́kọ̀ọ́ kan dúró ní àárín gbùngbùn rẹ̀, ó mú ọsàn méjì dání. Ó ju ọ̀kan síwájú, ó ju èkejì sẹ́yìn, agbára kan náà ló fi jù wọ́n. Méjèèjì ba ògiri lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá kan tó ń ta ọsàn létí títì ní Ọ̀sú náà gbà bẹ́ẹ̀. Lójú tiẹ̀, ògiri ẹ̀yìn ń bọ̀ wá pàdé ọsàn, ti iwájú ń sá fún un. Ṣùgbọ́n ọsàn tó lọ síwájú ti gba eré bọ́ọ̀sì mọ́ tirẹ̀, eré èyí tó lọ sẹ́yìn sì dín kù. Ó dọ́gba, ní ìwọ̀n tí ojú lè rí. Kò sí àríyànjiyàn.

Ọmọ yìí wá gbé ọsàn sílẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan síwájú, èkejì sẹ́yìn. Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti yí padà, nítorí ìmọ́lẹ̀ kì í yá eré lọ́wọ́ ọkọ̀ tó gbé e. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Michelson àti Morley, ti wá irú eré àyálò bẹ́ẹ̀ tì ní Amẹ́ríkà ní 1887. Ní 1905, Einstein, ọmọ ọdún 26, gbà á láìyẹhùn: eré kan náà ni ìmọ́lẹ̀ ń sá lójú ẹnikẹ́ni tó bá wọ̀n ọ́n, 299,792,458 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ ní ìmọ́lẹ̀ kan ògiri méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Òótọ́ ló sọ. Ìyá ọlọ́sàn ní ti ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ kàn, nítorí ògiri ẹ̀yìn ń bọ̀ wá pàdé ìmọ́lẹ̀, ti iwájú sì ń sá fún un. Òótọ́ lòun náà sọ. Ẹ má rò pé ojú ló tàn án, tàbí pé ìmọ́lẹ̀ ló pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ti yọ ìyẹn kúrò nínú ìṣirò. “Lẹ́ẹ̀kan náà” tiwọn ni kò papọ̀. Lọ́jọ́ tí èyí kọ́kọ́ yé mi, n ò rí oorun sùn.

Bàbá kan béèrè pé, “Ṣé ọmọ wá lè ṣáájú ìyá rẹ̀ dáyé lójú ẹlòmíràn ni?” Rárá, bàbá. Bí ohun kan bá fa òmíràn, kò sẹ́ni tí yóò rí i kí wọ́n gba ipò ara wọn.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé jígí kan sí ilẹ̀ bọ́ọ̀sì, ká gbé òmíràn sí àjà rẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ máa lọ sókè sódò. Lójú akẹ́kọ̀ọ́, òkè tààrà ni. Lójú ìyá ọlọ́sàn, bọ́ọ̀sì ti sún síwájú kí ìmọ́lẹ̀ tó dókè, ọ̀nà rẹ̀ sì dà bí àkàbà tí wọ́n gbé ti ògiri. Ká ní ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún eré ìmọ́lẹ̀ ni bọ́ọ̀sì ń sá: bó bá sún síwájú ní ìwọ̀n 3, tí àjà ga ní 4, àkàbà náà á gùn ní 5. Eré kan náà, ọ̀nà tó gùn jù. Ìyá ọlọ́sàn ka 5, akẹ́kọ̀ọ́ ka 4. Aago ọwọ́ rẹ̀, ọkàn rẹ̀ tó ń lù, gbogbo rẹ̀ ló falẹ̀ bẹ́ẹ̀ lójú ìyá yìí, òun fúnra rẹ̀ ò sì mọ nǹkan kan lára.

Ẹ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ yín báyìí. Ohun kan tó kéré ju átọ́ọ̀mù lọ, tí wọ́n ń pè ní muon, ń gba ibẹ̀ kọjá, bí ẹyọ kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Nǹkan bíi kìlómítà 15 lókè ni wọ́n ti ń wáyé. Bí a bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sọ́nà mílíọ̀nù kan, ẹ̀mí wọn, ní ìpíndọ́gba, kò ju nǹkan bíi 2.2 nínú rẹ̀ lọ. Ìyẹn ò lè gbé wọn ju bíi mítà 660 lọ. Ó yẹ kí wọ́n ti tán lókè lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n eré wọn sún mọ́ ti ìmọ́lẹ̀ gidigidi, aago tiwọn sì ń falẹ̀ lójú wa. Àwọn onímọ̀ físíìsì méjì, Rossi àti Hall, fi èyí hàn ní 1941. Ó wà lára wọn tó jẹ́ pé àwa á ka 20, àwọn ò ní í tíì ka ju ẹyọ kan lọ.

Ọmọbìnrin kan ní ìlà iwájú yára di ọwọ́ rẹ̀, bí ẹni fẹ́ mú ọ̀kan. Mo ní kó má wulẹ̀ ṣèyọnu: wọ́n ń gba inú ìkúùkù rẹ̀ kọjá.