Ẹ Dojú Rẹ̀ Délẹ̀ Kí Ẹ Tó Sanwó: Ọ̀rọ̀ Lórí Ọ̀pá Àbẹ́là Àtijọ́ ti Ilẹ̀ Yúróòpù

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Ẹ̀yin tí ẹ ò ráyè wá, ohun tí mo sọ níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mi lórí bí a ṣe ń mọ ọjọ́ orí ọ̀pá àbẹ́là, ìyẹn ohun tí a ń gbé àbẹ́là lé, ni mo kọ sílẹ̀ yìí. Ibi tí mo ti ń gbé nǹkan lé àwọn èèyàn lọ́wọ́ nìkan ni mo ní láti fi ọ̀rọ̀ ṣàpèjúwe.

Ọ̀pá àbẹ́là méjì ni mo gbé sórí tábìlì. Idẹ ni méjèèjì. Wọ́n gé etí ìdí wọn bí ewé òdòdó, ọrùn wọn ní kókó lókè, ó ní kókó nísàlẹ̀. Ẹni tó bá wò wọ́n láti ọ̀ọ́kán á ní ìbejì ni wọ́n. Ọ̀kan jẹ́ iṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti nǹkan bí ọdún 1750. Èkejì, ẹ̀yìn ọdún 1900 ni wọ́n tó yọ́ idẹ dà á. Ohun kan ṣoṣo ni mo sì fẹ́ kí ẹ gbà lọ́wọ́ mi: ìrísí kì í sọ ọjọ́ orí ọ̀pá àbẹ́là. Bí wọ́n ṣe ṣe é ló ń sọ ọ́. Ẹnikẹ́ni lè wo èyí tó ti pẹ́, kó sì da irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n oníṣòwò wo ló máa padà sí ọ̀nà iṣẹ́ tó ń gba àkókò, tó ń gba owó, nígbà tí ọ̀nà tó yá ti wà?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó dàgbà. Ẹ gbé e sún mọ́ ẹnu, kí ẹ mí ẹ̀mí gbígbóná sí ọrùn rẹ̀. Bí ooru ẹnu yín bá ṣe ń bo idẹ náà, ẹ ó rí ìlà tín-ínrín kan tó ti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹ ó rí òmíràn. Ojú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀ nìyẹn. Nígbà àtijọ́, odindi ni wọ́n ń da ọrùn ọ̀pá àbẹ́là, kò sí ihò nínú rẹ̀, ó sì máa ń wúwo. Idẹ wọ́n. Nígbà tó fi máa tó ọdún 1700, àwọn tó ń da idẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń da ọrùn náà ní ìlàjì méjì, tí inú rẹ̀ ṣófo, wọ́n á fi iná jó ìlàjì méjèèjì pọ̀, wọ́n á wá gbé e sórí ẹ̀rọ tó ń yí i, wọ́n á fá a títí tí ojú rẹ̀ á fi dán. Àwọ̀ ohun tí wọ́n fi jó o kò bá ti idẹ mu dáadáa, ìdí nìyẹn tí ooru ẹnu fi ń tú àṣírí rẹ̀. Ní apá ìparí àwọn ọdún 1700, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe lè fi nǹkan sí àárín mọ́ọ̀dù, ìyẹn ohun tí wọ́n ń da idẹ yíyọ́ sí, kí ọrùn tó ṣófo jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìlà méjì yẹn sì lọ. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i, ẹ ti ń sọ̀rọ̀ nípa nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kan pàtó.

Ẹ ṣọ́ra níbí o. Mọ́ọ̀dù yanrìn alápá méjì náà máa ń fi àmì sílẹ̀ lára iṣẹ́ tuntun. Àmọ́ ojú idẹ nìkan ni tirẹ̀ wà, ó máa ń yọ díẹ̀, wọ́n á sì ti fi fáìlì fá a. Èyí tí mò ń wí wọnú idẹ lọ. Bí ẹ bá tan iná tọ́ọ̀ṣì sínú ọrùn náà láti ìsàlẹ̀, ẹ ó rí i níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ wá dojú rẹ̀ délẹ̀. Ibí ni mo ti máa ń pẹ́ jù, ibí náà sì ni èmi á ti rọ̀ yín pé kí ẹ pẹ́. Abẹ́ èyí tó dàgbà mọ́. Wọ́n ti fá a, wọ́n ti fi fáìlì há a, ojú irin iṣẹ́ ṣì hàn nínú rẹ̀, nítorí pé èérún idẹ tí wọ́n fá kúrò, owó ni, wọ́n á kó o padà sínú iná. Abẹ́ èyí tuntun rí gbágungbàgun, ojú yanrìn mọ́ọ̀dù ṣì wà lára rẹ̀, wọ́n kàn kùn ún ní nǹkan dúdú kó lè dà bí ohun tó ti pẹ́. Bí wọ́n bá lẹ aṣọ mọ́ abẹ́ ọ̀pá kan, ẹ béèrè bóyá ẹ lè ṣí i wò. Bí oníṣòwò bá kọ̀, ẹ kí i pẹ̀lẹ́, kí ẹ máa lọ.

Ẹ wo ibi tí ọrùn ti pàdé ìdí. Nínú èyí tó dàgbà, ẹnu ọrùn kọjá láàárín ìdí, wọ́n sì fi òòlù lù ú pẹlẹbẹ lábẹ́ kó má bàa yọ. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ilẹ̀ Faransé ìgbà kan náà ni wọ́n fi tíréèdì (ìlà yíyípo bí ti ìdérí ìgò tí a ń yí dé) de ní tiwọn. Tíréèdì tí a fọwọ́ gé máa ń fẹ̀, kò sì dọ́gba délẹ̀. Ti ẹ̀rọ mú, ó dọ́gba látòkè délẹ̀. Bí ẹ bá sì rí nọ́ọ̀tì àti bóòtù òde òní lábẹ́ ohun tí wọ́n ní ó ti wà láti ọdún 1700, ẹ̀yin náà mọ ohun tí ẹ máa ṣe.

Ọ̀rọ̀ òǹtẹ̀ kò gùn lórí idẹ, nítorí pé àwọn tó fi orúkọ sí iṣẹ́ wọn kéré. Ní ìlú Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, George Grove, Joseph Wood àti Edward Durnall wà lára wọn, orúkọ wọn sì ń fi owó kún iye ọ̀pá náà. Lẹ́tà "Rd" pẹ̀lú nọ́ḿbà lẹ́yìn rẹ̀ túmọ̀ sí pé wọ́n fi ìrísí náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1884 síwájú. "ENGLAND" lára nǹkan sábà máa ń jẹ́ ti 1891 sókè, nígbà tí òfin Amẹ́ríkà sọ pé orúkọ orílẹ̀-èdè gbọ́dọ̀ wà lára ọjà tó bá ń wọlé sọ́dọ̀ wọn.

Ẹnìkan á ní, ṣé ìrísí kò wá wúlò rárá ni? Ó wúlò, ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí kejì ni. Ìtàn kan wà tó fi èyí hàn kedere, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ní ọdún 1596, àwọn atukọ̀ méjì, Willem Barentsz àti Jacob van Heemskerck, gbéra láti ilẹ̀ Netherlands, wọ́n ń wá ọ̀nà òkun tó máa gba àríwá ayé dé ilẹ̀ Ṣáínà. Yìnyín há ọkọ̀ wọn mọ́ erékùṣù Novaya Zemlya ní àríwá Rọ́ṣíà. Igi tí omi gbé wá sí etíkun ni wọ́n fi kọ́ ilé, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti lo gbogbo ìgbà òtútù. Nígbà tó di ọdún 1597, wọ́n wọ ọkọ̀ kéékèèké padà. Barentsz kú sójú ọ̀nà. Ọjà tí wọ́n kó dání, tí wọ́n rò pé àwọn ará Ṣáínà máa rà, ni wọ́n fi sílẹ̀ sínú ilé náà. Ó wà níbẹ̀ títí di 1871, nígbà tí ọ̀gákọ̀ ará Norway kan, Elling Carlsen, bá ilé ọ̀hún nínú yìnyín. Ọ̀pá àbẹ́là wà lára ohun tí wọ́n kó jáde, wọ́n wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Rijksmuseum ní Amsterdam báyìí. Ọkàn mi máa ń fà sí wọn, torí pé ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò kan wọ́n fún ọdún tó lé ní àádọ́rin-lé-nígba, kò sì sí àríyànjiyàn pé wọ́n ti wà ṣáájú ọdún 1596.

Láti ìgbà náà ni àwọn tó ń kó nǹkan àtijọ́ jọ ti ń pe irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ ní Heemskerk: ìdí rẹ̀ ga, àwo fífẹ̀ kan wà lára ọrùn tó ń gba ọ̀rá tó bá ń kán. Ó dára, àbí? Àmọ́ láti àwọn ọdún 1800 títí di òní ni wọ́n ti ń da irú ìrísí yìí fún títà. Bí ọjà ṣe kún fún un nìyẹn. Ẹ padà sí abẹ́ rẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ idẹ ti fìdí múlẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni Dinant, lẹ́bàá odò Meuse ní Belgium òde òní. Orúkọ ìlú náà ni wọ́n fi ń pe irú iṣẹ́ idẹ bẹ́ẹ̀ ní *dinanderie* títí dòní. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Burgundy pa ìlú náà run ní 1466, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó yè bọ́ fọ́n ká. Nuremberg ní Jámánì náà di ìlú ńlá fún idẹ. Ẹ fi sọ́kàn pé inú ilẹ̀ agbègbè Meuse àti Rhine ni wọ́n ti ń wa òkúta síńkì tí wọ́n ń pò mọ́ bàbà kó tó di idẹ. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2023 sì fi hàn pé agbègbè Rhine yìí kan náà ni idẹ tí àwọn oníṣẹ́ ọba ní ilẹ̀ Bìní yọ́ fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́ wọn ti wá, nípasẹ̀ mànílà, òrùka idẹ tí wọ́n ń ná bí owó, tí àwọn ará Potogí ń kó wá sí etíkun wa. Èmi kì í lè gbé idẹ Nuremberg lọ́wọ́ kí n má rántí èyí.

Ohun tí wọ́n ń jó ló ń pinnu bí ọ̀pá ṣe rí. Ìda oyin ni ti ṣọ́ọ̀ṣì àti ti olówó. Ọ̀rá màlúù tàbí ti àgùntàn ni ti mẹ̀kúnnù, ó ń rùn, ó ń yọ́ dànù. Àwọn ọ̀pá tó ti pẹ́ jù máa ń ní irin ṣóńṣó tí wọ́n ń gún àbẹ́là mọ́. Nígbà tó yá, ihò ló wọ́pọ̀, wọ́n á sì tún dá ihò kékeré sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n lè fi ṣóńṣó ti kùkùté àbẹ́là jáde. Ní apá ìparí 1700 lọ sínú 1800 ni ọ̀pá tínínrín tó ń ti kùkùté jáde láti ìsàlẹ̀ wá gbòde. Ẹ tì í wò, ṣé ó ń lọ dáadáa, ṣé èyí tí wọ́n ṣe mọ́ ọn ni?

Àwa náà wà nínú ìtàn yìí ju bí ọ̀pọ̀ ṣe mọ̀ lọ. Láti 1830 ni ilé iṣẹ́ Price ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àbẹ́là ní London, kò sì pẹ́ tí epo pupa láti etíkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà fi di ohun pàtàkì tí wọ́n ń lò. Èkó jẹ́ èbúté ńlá fún òwò epo náà. Àbẹ́là tó le, tí kò rùn, wá wọ ilé àwọn tí kò lówó ìda oyin. Ọ̀pá idẹ tí ẹ bá rí láti àárín àwọn ọdún 1800, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé epo tí àwọn ìyá ńlá wa fún ni iná rẹ̀ jó.

Ti fàdákà, màá yára. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òǹtẹ̀ ló ń ṣe ìpinnu: kìnnìún tó ń rìn fún ojúlówó fàdákà, orí àmọ̀tẹ́kùn fún London, ìdákọ̀ró fún Birmingham, adé fún Sheffield títí di 1974 (láti 1773 ni ìlú méjì yìí ti ní tiwọn), lẹ́tà fún ọdún, àti orúkọ alágbẹ̀dẹ. Èyí tí wọ́n dà, irú ti àwọn alágbẹ̀dẹ John Cafe àti William Cafe ní àárín àwọn ọdún 1700, wúwo fúnra rẹ̀, òǹtẹ̀ rẹ̀ sì sábà máa ń wà lábẹ́ ìdí. Nígbà tó yá, àwọn ará Sheffield bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ tẹ fàdákà pẹlẹbẹ, wọ́n ń fi ọ̀dà àti irin kún inú rẹ̀ kó lè dúró. Ẹ má fi ìwọ̀n ra irú èyí, ọ̀dà lẹ máa san owó rẹ̀! Ohun tí Thomas Boulsover ará Sheffield sì ṣàwárí ní nǹkan bí 1743, ìyẹn fàdákà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ bàbà, máa ń jẹ́ kí pupa bàbà yọ ní ibi tí ọwọ́ ti nù ún púpọ̀. Èyí tí wọ́n fi iná mànàmáná lẹ fàdákà mọ́ lára, tí ilé iṣẹ́ Elkington gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní 1840, funfun ju ìyẹn lọ. Ti Faransé ṣáájú 1700 ṣọ̀wọ́n gan-an, torí pé Louis Kẹrìnlá, ọba Faransé, ní kí wọ́n yọ́ fàdákà fún owó ogun ní 1689, wọ́n sì tún yọ́ òmíràn ní 1709.

Ìbéèrè tí wọ́n bi mí jù lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà ni ti fífọ̀ rẹ̀. Aṣọ rírọ̀ àti ọṣẹ díẹ̀ tó. Ìda tó bá gan mọ́ ọn, omi gbígbóná ló ń yọ ọ́, ẹ má fi ọ̀bẹ há a. Ẹ má gbé idẹ àtijọ́ fún ẹni tó máa fi ẹ̀rọ dán an, torí pé ìlà, òǹtẹ̀ àti ojú irin iṣẹ́ tí mo ti ń sọ látàárọ̀ ni ẹ̀rọ náà máa kó lọ.

Àbúrò kan béèrè ibi tó ti lè bẹ̀rẹ̀. Ní London, ọjà Portobello lọ́jọ́ Sátidé dára, Bermondsey ní ìdájí ọjọ́ Ẹtì náà sì dára. Kó ra ẹyọ kan, kó má tíì ra méjì, torí pé iye méjì tó bára mu máa ń ju ìlọ́po méjì ẹyọ kan lọ. Kó yẹra fún èyí tí wọ́n ti lu ihò sí lára láti fi wáyà iná kọjá. Bó bá sì jẹ́ ohun èlò ṣọ́ọ̀ṣì, kó béèrè bó ṣe kúrò níbẹ̀ àti ìwé tó fi hàn bẹ́ẹ̀, nítorí wọ́n ti jí ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ kó ní Yúróòpù. Ọ̀pá idẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti àárín 1800, tó ní ohun tó ń ti kùkùté jáde, ni mo ní kó fi bẹ̀rẹ̀. Kò wọ́n, ó pọ̀ lọ́jà, abẹ́ rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ṣe é.