Ọwọ́ Tí Olúwa Fi Ọgbọ́n Sí

Bíbélì kíkà: Ẹ́kísódù 35:30-35, Jeremáyà 18:1-4

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará. A kú orí-ire pé a jí. Ẹ̀yin tí iṣẹ́ ọnà jẹ́ oúnjẹ yín ni mo ní lọ́kàn láàárọ̀ yìí: akọrin, aláró, agbẹ́gilére, ayàwòrán, òǹkọ̀wé.

Bésálẹ́lì, ẹni tí Ọlọ́run yàn láti ṣe iṣẹ́ ọnà àgọ́ ìjọsìn Ísírẹ́lì, kì í ṣe wòlíì, kì í ṣe àlùfáà. Oníṣẹ́ ọwọ́ ni. Síbẹ̀, Ọlọ́run fi Ẹ̀mí rẹ̀ kún un, kó lè ṣiṣẹ́ wúrà, fàdákà àti idẹ, kó gbẹ́ òkúta, kó sì gbẹ́ igi. Ẹ wo ẹsẹ 34 dáadáa: Ọlọ́run tún fi sí òun àti Òhólíábù tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ lọ́kàn láti máa kọ́ ẹlòmíràn. Ẹ̀bùn tí kò fẹ́ kọ́ni, tí kò sì fẹ́ kí wọ́n kọ́ òun, kì í pẹ́ gbẹ.

Lamidi Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, ilé agbẹ́gilére ni wọ́n bí i sí ní 1928. Bàbá rẹ̀ gbẹ́gi, bàbá bàbá rẹ̀ náà gbẹ́gi. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé Ọ̀yẹ́-Èkìtì, níbi tí Fadá Kevin Carroll ti kó àwọn oníṣẹ́ ọnà jọ, ó gbà láti tún kọ́ṣẹ́ lábẹ́ Bándélé, ọmọ Aréògún agbẹ́gilére. Kò sọ pé, “Èmi ọmọ onígi, kí ni wọ́n fẹ́ kọ́ mi?” (Mùsùlùmí ni, ó sì gbẹ́ iṣẹ́ fún ṣọ́ọ̀ṣì; ìyẹn tó ìwàásù kan lọ́tọ̀.) Nígbà tó yá, òun náà di olùkọ́ ní yunifásítì tó wà ní Ifẹ̀.

Iṣẹ́ igi fúnra rẹ̀ ń kọ́ èèyàn ní sùúrù. Ọnà lílé ló kọ́kọ́ ń wáyé: àáké á gé ìtì igi títí èèyàn á fi mọ ibi tí orí wà, ibi tí àyà wà. Àlétúnlé ló tẹ̀ lé e, tí imú àti etí á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Wọ́n á wá dán an. Ìgbà náà ló tó kan fínfín, tí ọ̀bẹ á máa fa ilà irun àti ìpéǹpéjú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ wa ló fẹ́ fín kí a tó lé. Orin kò tíì jinná, a ti gbé e sí Facebook. Igi tí a bá sì ti gé kúrò kì í padà.

Ti amọ̀kòkò tí Jeremáyà lọ wò yàtọ̀. Ìkòkò bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, kò da amọ̀ nù, kò wá ẹni tó máa dá lẹ́bi. Amọ̀ yẹn náà ló fi mọ òmíràn. Mo mọ̀ pé Ísírẹ́lì ni Ọlọ́run ń bá wí níbẹ̀, ṣùgbọ́n Jeremáyà ní láti kọ́kọ́ wo ọwọ́ oníṣẹ́ kó tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà.

Bí iṣẹ́ ọnà rẹ kò bá sì tíì bọ́ ọ, má tijú láti fi òmíràn tì í. Àpọ́sítélì Pọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́ àgọ́ pípa ní Kọ́ríńtì. Àwọn tó ń sọ pé ebi ló ń mú oníṣẹ́ ọnà gbóná, ó jọ pé wọ́n ti jẹun.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Olúwa tó fi Ẹ̀mí kún Bésálẹ́lì, fi ọgbọ́n sí ọwọ́ mi lónìí, ní orúkọ Jésù.

Baba, má jẹ́ kí ohun tí mo ti mọ̀ dí mi lọ́nà ohun tí n kò tíì mọ̀. Fún mi ní ẹni tó máa sọ òótọ́ iṣẹ́ mi fún mi, kí o sì fún mi ní etí tí n ó fi gbọ́ ọ.

Iṣẹ́ tó bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, tí mo ti bò mọ́lẹ̀ sí kọ̀rọ̀ yàrá, fún mi lágbára láti gbé e jáde kí n tún un ṣe.

Fa ìlara tu lọ́kàn mi, Olúwa.

Owó iṣẹ́ tí wọ́n jẹ mí, tí wọ́n ń fi òní dónìí, fi ọ̀la dọ́la, kó tẹ̀ mí lọ́wọ́ láìjà, láìta, ní orúkọ Jésù.

Ọmọ iṣẹ́ tí òbí rẹ̀ fà lé mi lọ́wọ́, Baba, má jẹ́ kí n fi ìmọ̀ pamọ́ fún un. Kó mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Àmín.