Ọkọ̀ ogun Nigeria àti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 1942

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, kí orílẹ̀-èdè wa tó ní ọmọ ogun ojú omi tirẹ̀ rárá ni orúkọ rẹ̀ ti wà lára ọkọ̀ ogun kan tí ń jà lábẹ́ àsíá ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ilé-iṣẹ́ Vickers-Armstrongs ló kan án ní Newcastle. Oṣù Keje ọdún 1939 ni wọ́n tì í sómi, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1940. Kenya, Uganda àti Gambia wà lára àwọn tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́, nítorí orúkọ àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ni wọ́n fi sọ wọ́n. Ẹnikẹ́ni kò sì bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ni orúkọ.

Àgbá ńlá 12 ló wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ní tèmi, àgbá kọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀ tó ṣe pàtàkì jù. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1941, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, òun àti ọkọ̀ ogun mẹ́ta mìíràn ká Lauenburg, ọkọ̀ Jámánì tí ń ṣọ́ ojú ọjọ́, mọ́ agbami òkun ìhà àríwá. Wọn kò fẹ́ kó rì, ìwé àṣírí inú rẹ̀ ni wọ́n ń wá, ohun tí wọ́n sì rí níbẹ̀ ran àwọn tó ń tú àṣírí ọ̀rọ̀ Jámánì ní Bletchley, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́wọ́.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ebi àti àìsí epo ń fìyà jẹ Malta, erékùṣù tí Bíbélì Yorùbá pè ní Melita. Ọkọ̀ akẹ́rù 14 ni Gẹ̀ẹ́sì kó jọ láti lọ gbà á là, Nigeria sì ni ọkọ̀ tí Ọ̀gágun Harold Burrough wà nínú rẹ̀ láti sìn wọ́n débẹ̀. Ní nǹkan bí agogo mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ, nígbà tí àwọn ọkọ̀ ń tò láti ìlà mẹ́rin sí méjì kí wọ́n lè gba ojú omi tóóró tó wà láàárín Tunisia àti Sicily kọjá, Axum, ọkọ̀ abẹ́ omi Ítálì, ju tọ́pídò mẹ́rin, àdó olóró tí ń sáré lábẹ́ omi, sí wọn. Ẹ̀ẹ̀kan náà ló ba Nigeria, ọkọ̀ ogun Cairo àti Ohio, ọ̀kan lára àwọn akẹ́rù 14 náà, tó gbé epo. Omi ya wọ Nigeria, ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ohun tí wọ́n fi ń darí rẹ̀ há, ó wá ń yí po lójú kan. Àwọn atukọ̀ 52 ló kú. Burrough bọ́ sínú Ashanti, ọkọ̀ ogun mìíràn, ó ń bá ìrìn àjò lọ. Nigeria rọra padà sí Gibraltar.

Ibi tí ọ̀ràn náà ti burú gan-an nìyí: Nigeria àti Cairo nìkan ló ní rédíò tí wọ́n fi lè darí bàálù ajagun tó ń bọ̀ láti Malta. Cairo kò ṣeé gbà là mọ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló rì í. Nígbà tí àwọn bàálù náà dé, kò sẹ́ni tó lè bá wọn sọ̀rọ̀. Àwọn ọkọ̀ tí wọ́n wá dáàbò bò gan-an ló ń yìnbọn lù wọ́n. Àárín ìdàrúdàpọ̀ yìí ni bàálù Jámánì já lé àwọn ọkọ̀ náà lórí, tí Empire Hope àti Clan Ferguson, méjì nínú àwọn akẹ́rù, fi ṣòfò. Márùn-ún péré nínú àwọn 14 ló dé Malta, Ohio sì wà lára wọn.

Amẹ́ríkà ni wọ́n ti tún Nigeria ṣe, ó sì jagun lórí Òkun Íńdíà láti 1944. Gẹ̀ẹ́sì tà á fún Íńdíà ní 1954. Láti 1957 ló ti ń jẹ́ Mysore, ó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ títí di ọdún 1985.