Ẹni Tó Bá Aláìsàn Dé Aró

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ipa tí ará àti ọ̀rẹ́ ń kó nínú ìlera ọkàn ni wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí, mo sì fẹ́ gba Abẹ́òkúta wọ inú ọ̀rọ̀ náà.

Ní ọdún 1954, Dókítà Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tó kọ́ ìṣègùn ní Birmingham, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aró, ní Abẹ́òkúta, nígbà tí wọn kò tíì kọ́ ilé ìwòsàn ọpọlọ ibẹ̀ parí. Títí di ìgbà náà, kí wọ́n há alárùn ọpọlọ mọ́ ni ìjọba mọ̀. Ilé ìhámọ́ alárùn ọpọlọ ti Yábàá ní Èkó ti wà láti 1907, ti Láńtòrò ní Abẹ́òkúta sì ti jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n rí. Nígbà tí ibùsùn kò sí, Lambo tọ àwọn ará abúlé mẹ́rin tó wà nítòsí lọ, pé kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé, kí àwọn aláìsàn náà máa wá gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn lójúmọmọ, kí wọ́n sì padà sí abúlé lẹ́yìn náà.

Àdéhùn kan wà níbẹ̀, òun gan-an ló mú mi sọ ìtàn yìí: aláìsàn kò gbọdọ̀ dá wá. Ìyá ni o, ẹ̀gbọ́n ni o, àbúrò ìyá ni o, ó kéré tán ẹbí kan gbọ́dọ̀ bá a wá, ẹni tí yóò máa dáná fún un, tí yóò máa fọṣọ rẹ̀, tí yóò mú un lọ sí ilé ìwòsàn láàárọ̀, tí yóò sì lọ mú un wálé lọ́sàn-án. Dókítà ló ń fún un lóògùn, mi ò sọ pé ẹbí lè rọ́pò oògùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ pé kò fojú kan oorun lóru àná, tàbí pé ẹ̀kọ tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ ti tutù síbẹ̀, ìyá tí wọ́n jọ sùn sí yàrá kan náà ni. Níbi tí wọ́n ti ń gba aláìsàn lọ́wọ́ ẹbí lẹ́nu géètì, ta ni yóò rí ìyẹn?

Àwọn ará abúlé kò ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n ń gba owó ilé. Àwọn kan máa ń sọ ìtàn yìí bí ẹni pé àánú nìkan ló mú wọn gbà, ṣùgbọ́n èmi kò rí ohun tó burú nínú owó náà. Ẹni tó ń gbowó ilé lọ́wọ́ rẹ kò ní í máa sá fún ọ lójú ọ̀nà, ọmọ rẹ̀ á sì máa kí ọ.

Kí a tó wọlé, arábìnrin kan bi mí pé kí ni kí ẹni tó ń dá gbé ní Èkó ṣe, tí ẹbí rẹ̀ kò sí nítòsí. Mo ní ẹbí ni wọ́n bèèrè ní Aró torí pé òun ló wà nítòsí nígbà náà. Bí ó bá jẹ́ aládùúgbò ni yóò mọ ọjọ́ tí dókítà ní kó padà wá, tí yóò sì bá a jókòó lórí bẹ́ǹṣì títí wọn yóò fi pe orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe.