Fóòmù tó ń gbẹ lẹ́yìn háọ̀sì: ọ̀rọ̀ lórí ìfòòró nílé-ìwé

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nípàdé òbí àti olùkọ́ nìyí. Mo tún un kọ nítorí àwọn tí kò ráyè wá.

Ọmọkùnrin kan wà nínú háọ̀sì wa nígbà tí a wà ní JSS1. Bọ́dìn ni wá. Kí aago tó lù láàárọ̀, á ti gbé fóòmù rẹ̀ rù, á sá lọ gbé e sẹ́yìn háọ̀sì níbi tí oòrùn á ti bá a. Bó ti wù kó yára tó, ẹnì kan á ti jí ṣáájú rẹ̀. "Atọ̀ọ́lé ń kọjá o!" Gbogbo wa á bú sẹ́rìn-ín. Táàmù kò tíì dé ìdajì tí kò fi sẹ́ni tó ń pe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ mọ́. Àwọn síníọ̀ wá sọ ọ́ di apọnmi, wọ́n ní ẹni tó lómi nínú tó báyìí kò gbọdọ̀ jẹ́ kí omi wọ́n àwọn.

N kò lù ú rí. Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ̀rín nìkan ni mo rín, ẹ̀rín yẹn ni mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ìjà ọmọdé kì í ṣe ìfòòró. Ọmọ méjì tí agbára wọn dọ́gba lè wọ̀yá ìjà lórí bọ́ọ̀lù, bó bá dọ̀la wọ́n á tún jọ gbá a. Dan Olweus, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ṣiṣẹ́ ní Bergen ní Norway, tó bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ọ̀rọ̀ yìí ní àwọn ọdún 1970, ló là á fún wa: ẹni tó ń fòòró ẹlòmíràn mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe é ni, ó ń ṣe é lemọ́lemọ́, apá ẹni tí wọ́n ń ṣe é sí kò sì ká a. Kì í ṣe apá oníṣan nìkan o. Lọ́dọ̀ tiwa, kíláàsì ló ń fúnni lágbára. Ọmọ SS2 tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ lè ní kí júníọ̀ tó síngbọnlẹ̀ jù ú lọ kúnlẹ̀ kó nawọ́ sókè, ìyẹn á sì kúnlẹ̀. A ń pe èyí ní ẹ̀kọ́. A ní wọ́n ṣe é fún síníọ̀ náà rí, ó sì dènìyàn. Èmi kò rí ẹ̀kọ́ kankan níbẹ̀: gbèsè ìyà tó jẹ ló ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí kò jẹ ẹ́ ní kọ́bọ̀.

Ohun tí a kò mọ̀ nígbà náà ni pé kì í ṣe ọ̀lẹ ló ń mú ọmọ tọ̀ sílé. Ojú oorun ló ti ń ṣẹlẹ̀, àìbalẹ̀ ọkàn sì lè dá a padà sára ọmọ tó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tipẹ́. Ẹ̀rù wa ń mú un tọ̀, ìtọ̀ ń pa wá lẹ́rìn-ín, ẹ̀rín wa ń dá kún ẹ̀rù.

Àmì ìfòòró lára ọmọ tó ń ti ilé lọ máa ń yàtọ̀. Inú á máa run ún lálẹ́ ọjọ́ Sunday, bó bá di ọ̀sán Friday, ara á yá gágá. Oúnjẹ á sú u, ìwé rẹ̀ á máa lọ sílẹ̀. Bí dókítà bá yẹ̀ ẹ́ wò tí kò rí ibà, ẹ bi í léèrè ta ni wọ́n jọ ń jókòó.

Ní ìparí ọdún 1982, ọmọkùnrin mẹ́ta pa ara wọn ní Norway, ìfòòró ni wọ́n sì gbà pé ó fà á. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n gbógun tì í jákèjádò orílẹ̀-èdè náà. Olweus tẹ̀ lé nǹkan bí 2,500 akẹ́kọ̀ọ́ ní Bergen, láàárín ọdún méjì ìfòòró dín kù tó ìdajì. Kò sí idán níbẹ̀: àgbàlagbà ń dúró lójú pápá nígbà ìsinmi, kíláàsì ní òfin tirẹ̀, wọ́n sì ń pe òbí tọ̀tún tòsì. Àwa náà ní Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé láti ọdún 2003, Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2007. Ṣùgbọ́n òfin kì í sùn sí háọ̀sì.

Àwọn ọmọ ló ń sùn síbẹ̀. Ní Toronto, àwọn olùwádìí fi kámẹ́rà ṣọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé níbi tí wọ́n ti ń ṣeré. Ọdún 2001 ni wọ́n tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde. Nínú ọgọ́rùn-ún ìgbà tí ìfòòró wáyé, ìgbà 88 ni àwọn ọmọ mìíràn ń wòran. Ìgbà 19 péré ni wọ́n dá sí i. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dá sí i, ó lé ní ìdajì ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà parí kí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tó pé. Ẹ rántí fídíò ilé-ìwé kan l'Ábújá tó gba ìgboro kan lóṣù kẹrin ọdún 2024, níbi tí ọmọbìnrin kan ti ń gba ìfọ́tí lera-lera. Ọwọ́ ẹnì kan ló di fóònù yẹn mú.

Ìyá kan bi mí pé ṣé kí ọmọ òun gbèjà èkejì kí wọ́n wá lu ọmọ òun náà ni. Rárá, Mà. Kó lọ jókòó tì í nídìí oúnjẹ, kó sì pe orúkọ rẹ̀. Kó má rẹ́rìn-ín.

Ní táàmù kẹta, láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọ kan tí kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú wa dìde lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó di etí kejì fóòmù náà mú, wọ́n sì jọ gbé e jáde. Ẹnì kan pariwo bí wọ́n ti máa ń ṣe, àmọ́ ẹ̀rín náà kò dún dáadáa. Ọmọ tó di etí fóòmù yẹn mú kò ga jù mí lọ.